Ọdún kan pẹ̀lú bọ́ọ̀dù àwòrán tí Màámi fi ń sọ̀rọ̀: ibi tó dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ti ṣèlérí fún àwọn kan pé màá kọ nípa bọ́ọ̀dù àwòrán tí Màámi ń lò láti bá wa sọ̀rọ̀, ìyẹn pátákó tó ní àwòrán tí wọ́n ń nàka sí dípò ọ̀rọ̀ ẹnu, ó ti pé ọdún kan báyìí, mo wá ní kí n sọ bó ṣe rí gan-an, ibi tó ti ràn wá lọ́wọ́ àti ibi tó ti já wa kulẹ̀, kí ẹni tó bá ń wá irú ẹ̀ fún èèyàn ẹ̀ má baà ṣe irú àṣìṣe tá a ṣe.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló ṣe Màámi, apá òsì ọpọlọ ló kàn, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ sì lọ. Aphasia ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì wọ́n gbọ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: orí wọn ò dàrú, wọ́n mọ̀ wá, wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n ṣì ń rántí nǹkan tí mo ṣe ní ogún ọdún sẹ́yìn témi fúnra mi ti gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ni wọn ò rí mú jáde. "Bẹ́ẹ̀ ni" nìkan ló ṣẹ́ kù lẹ́nu wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé rárá, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa jáde, tí inú bá ń bí wọn, "bẹ́ẹ̀ ni", tí wọ́n bá fẹ́ pe orúkọ mi, "bẹ́ẹ̀ ni" náà ni. Àwọn fúnra wọn á gbọ́ ọ, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe ohun táwọn fẹ́ sọ nìyẹn, wọ́n á wá fi ọwọ́ òsì gbá itan.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn mìíràn rí. Ní 1861, dọ́kítà kan ní Paris, Paul Broca, bá ọkùnrin kan pàdé ní ọsibítù, Leborgne lorúkọ ẹ̀, "tan" nìkan ló lè sọ, àwọn èèyàn ibẹ̀ wá kúkú ń pe òun gan-an ní Tan. Lẹ́yìn tó kú ni Broca yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, ó rí i pé apá òsì níwájú ló bàjẹ́, ibẹ̀ sì ni àwọn dọ́kítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde nínú ọpọlọ. Lọ́jọ́ tí mo kà nípa ẹ̀, ẹkún ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ tí ayé fi ń rántí ọkùnrin yẹn, kì í ṣe òun ló yàn án.

Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tá a lò, orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti rí i, èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ogún àwòrán ló wà lórí ẹ̀. Omi, oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, oògùn, bẹ́ẹ̀dì, ó ń dùn mí, òtútù ń mú mi, ooru ń mú mi, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ jáde, a fi ọ̀rá bò ó, lámínéètì tó ń dán gbinrin, inú mi dùn, mo gbé e síwájú wọn. Màámi wò ó, wọ́n nàka sí méjì, wọ́n tì í dànù. Mo tún gbé e wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún tì í dànù. Mo ń sọ fún ara mi pé wọn ò fẹ́ kí àwọn èèyàn máa rí wọn bí aláìsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀, mo sì ṣìnà.

Obìnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ wọn ló ṣí mi lójú. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó gbé bọ́ọ̀dù náà sún díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó ń wo ojú Màámi. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ tó bá kan apá òsì ọpọlọ lè mú kí èèyàn má rí apá ọ̀tún ohun tó wà níwájú ẹ̀, kì í ṣe pé ojú ló fọ́ o, ọpọlọ ló ń fo ibẹ̀. Àṣé ìdajì bọ́ọ̀dù ni Màámi ń rí! Gbogbo àwòrán tó wà lápá ọ̀tún, bí ẹni pé wọn ò sí níbẹ̀ ni. Àti pé lámínéètì tó ń dán yẹn, iná gílóòbù ń tàn sí i lójú wọn. Ẹ ẹ̀ rí i pé nǹkan kékeré báyìí lè ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe tiyín, ẹ lo ọ̀rá tí kì í dán, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ibi tí ojú onítọ̀hún dé kí ẹ tó to àwòrán sí i.

Ohun kejì tó sọ ló wá ṣe pàtàkì jù lọ fún mi. Ó ní kí n ka gbogbo nǹkan tó wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn sókè, kí n sì sọ iye ìgbà témi fúnra mi sọ ọ́ lánàá. Omi? Ẹ̀ẹ̀kan. Òtútù? Rárá. Ó ní kí ni mo wá sọ látàárọ̀ dalẹ́? Mo rò ó. "Kí ló dé?" "Mi ò fẹ́." "Tún un sọ." "Ó tó." "Dúró ná." "Ta ló wà níbẹ̀?" "Ó dáa." "Irọ́ ni." Kò sí ọ̀kan nínú wọn lórí bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù tá a gbé fún màmá mi, ohun tí aláìsàn máa ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì nìkan ló wà lórí ẹ̀. Wọn ò lè fi jiyàn, wọn ò lè fi béèrè ọ̀rọ̀, wọn ò lè sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Èèyàn tó ti ń jiyàn pẹ̀lú gbogbo wa láti ìgbà tá a ti mọ̀ wọ́n!

A wá ṣe tiwa. Àwòrán ARASAAC la lò, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn. Ìjọba Aragón ní Spéìn ló ni ín, Sergio Palao ló ya àwọn àwòrán náà, wọ́n lé ní 10,000, ọ̀fẹ́ ni, lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kéèyàn má fi ṣòwò kó sì sọ ibi tó ti rí i. Àwòrán wọn mọ́, kò rí wúruwùru, àyíká ẹ̀ funfun, ẹni tójú ẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́ máa rí i. Èdè tó bá wù yín lẹ lè kọ sábẹ́ ẹ̀, a kọ Yorùbá tiwa. Èyí tó gbà wá lákòókò ni ọ̀rọ̀ "you" yìí, torí lédè òyìnbó ẹyọ kan ló wà fún gbogbo èèyàn, àwa ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyọ kan ni a kọ "ìwọ" sí, ẹyọ kan ni a kọ "ẹ̀yin" sí. Tó bá jẹ́ ọmọdé ló máa lo tiyín, ẹ má gbàgbé ìyẹn o, ọmọ tó ní "ìwọ" nìkan lórí bọ́ọ̀dù ẹ̀, gbogbo àgbàlagbà ló máa dà bí ẹni pé ó ń rí fín, ẹjọ́ ẹ̀ sì kọ́.

Ibi tí àwòrán ò ti dáa tó: nǹkan tó ṣeé fojú rí rọrùn láti yà, àga ni àga, ẹsẹ̀ ni ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe máa ya "tún"? Báwo lẹ ṣe máa ya "bóyá"? Wọ́n ya wọn lóòótọ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ni, kò sẹ́ni tó máa wò ó lẹ́ẹ̀kan kó mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Màámi fi mọ̀ wọ́n ni pé àwa náà ń nàka sí i. Ìyẹn ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé èèyàn á gbé bọ́ọ̀dù fún wọn, wọn á sì máa lò ó. Rárá o. Tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, màá máa nàka sí àwòrán bí ẹnu mi ṣe ń sọ ọ́, "mo FẸ́ LỌ, màá TÚN WÁ", ojoojúmọ́, fún bí oṣù méjì kí àwọn fúnra wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í to méjì mẹ́ta pọ̀. Àwọn tó sọ pé bọ́ọ̀dù ò ṣiṣẹ́ fún èèyàn wọn, ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n nìyí, ṣé ẹ̀yin náà ń lò ó? Ọ̀pọ̀ á ní rárá.

Nípa "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn, a ya àmì ó-tọ́ aláwọ̀ ewé ńlá kan àti àmì ó-kọ̀ pupa ńlá kan sí etí òsì pátápátá, a sì jọ fẹnu kò pé ìka ló máa borí ẹnu. Tí ẹnu bá sọ bẹ́ẹ̀ ni tí ìka bá wà lórí pupa, rárá ni. Ìka náà máa ń ṣìnà nígbà mìíràn torí aphasia lè da méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, torí náà tó bá jẹ́ nǹkan ńlá a máa ń bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, a ó yí ìbéèrè padà. "Ṣé kí n ṣí fèrèsé?" lẹ́yìn náà "Ṣé kí n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?" Tí ìdáhùn méjèèjì bá bára mu, ó di.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn fi sí bọ́ọ̀dù wọn ni ọ̀rọ̀ tó wà lókè pátápátá, èyí tó jẹ́ pé ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ló máa kà á. Tiwa sọ báyìí: "Ẹ ǹlẹ́ o. Mo ń gbọ́ yín, mo sì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ni kò jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró dè mí. Èmi ni kí ẹ máa wò." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ìyà ló kọ́ wa ká tó fi í sí i. Dọ́kítà kan wà tó jẹ́ pé láti ìgbà tá a ti wọlé títí tá a fi jáde, èmi ló ń wò. "Ṣé wọ́n ń sùn? Ṣé wọ́n ń jẹun?" Màámi jókòó síbẹ̀, bọ́ọ̀dù wà lórí itan wọn, wọ́n ti nàka sí "dúró" lẹ́ẹ̀mẹta. Kò rí i. Èmi náà, kí n sọ òótọ́, mo ń dáhùn ni, torí pé ó yá jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a délé wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nọ́ọ̀sì kan níbòmíràn yàtọ̀. Ó fa àga, ó jókòó kí ojú ẹ̀ lè ṣe déédéé pẹ̀lú tiwọn, ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lókè bọ́ọ̀dù, ó béèrè ẹyọ ìbéèrè kan, ó sì dákẹ́. Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá nínú ara mi, ó ju mẹ́wàá lọ dáadáa, kò mira. Ó wá sọ pé, "Mo mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, Mà." Ó jọ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn kan báyìí, torí lẹ́yìn náà ni mo kà á pé Aphasia Institute ní Toronto, ibi tí Aura Kagan ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ yẹn, irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń kọ́ àwọn dọ́kítà àti ìdílé láti máa sọ, kí onítọ̀hún lè mọ̀ pé wọn ò kà á sí ẹni tí kò mọ nǹkan. Ojú Màámi lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè ṣàpèjúwe ẹ̀. Bọ́ọ̀dù kan náà ni o. Àwòrán kan náà. Ẹni tó jókòó sódìkejì ẹ̀ ló yàtọ̀.

Ní Ọsirélíà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Scope ní àmì kan tí wọ́n máa ń fún àwọn ọ́fíìsì àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá ti kọ́ òṣìṣẹ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa bá àwọn tí ọ̀rọ̀ nira fún sọ̀rọ̀, ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tí ọ̀rọ̀ nira fún gan-an ló máa ń lọ yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó fún wọn ní àmì náà. Ó wù mí kó dé ibi gbogbo. A lè kọ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara sẹ́nu ọ̀nà, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé tán tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ṣé ó ti wọlé?

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo ápù lórí fóònù. Mo lò ó. A dán ọ̀kan wò fún oṣù mẹ́rin. Ohùn tó ń jáde nínú ẹ̀ dáa tí Màámi bá fẹ́ pe èèyàn láti yàrá kejì, bọ́ọ̀dù ò lè pariwo, ẹni tí kò bá wo bọ́ọ̀dù ò lè gbọ́ ọ. Ìyẹn jẹ́ àlébù gidi fún bọ́ọ̀dù, a wá fi agogo kékeré kan ti ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ápù yẹn, ojú ìwé nínú ojú ìwé, kí wọ́n tó dé ibi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́, wọ́n ti gbàgbé ọ̀nà, ìka á kàn án láìròtẹ́lẹ̀, fóònù á sùn, bátìrì á kú, tí a bá jókòó síta oòrùn ò ní jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kan. Àwọn tí ọwọ́ àti ojú wọn dá ṣáṣá lè fẹ́ràn ẹ̀ ju bọ́ọ̀dù lọ, mi ò jiyàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kódà tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tó dáa jù lọ, ẹ ní ti bébà pẹ̀lú. Stephen Hawking gan-an, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, nígbà tí wọ́n la ihò sí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ní 1985 tí ohùn lọ pátápátá, káàdì alífábẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ lò, ẹnì kan á máa nàka sí lẹ́tà, òun á gbé irun òkè ojú sókè tó bá kan èyí tó fẹ́, kó tó di pé Walt Woltosz fi prógírámù kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí i láti California.

Káàdì alífábẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ má kàn rà á fún gbogbo èèyàn o. Ẹni tó jẹ́ pé ẹnu àti ahọ́n ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ lè máa fi sípẹ́lì ọ̀rọ̀ dáadáa. Aphasia máa ń kan ìwé kíkà àti kíkọ pẹ̀lú, Màámi ń wo lẹ́tà bí ẹni tó ń wo ògiri. Ẹni tí ọwọ́ ò sì ṣiṣẹ́ fún rárá, bọ́ọ̀dù oníike tó mọ́ gaara wà, ẹ máa gbé e sí àárín yín, ojú ló máa fi wo ohun tó fẹ́, ẹ̀yin á sì máa wo ojú ẹ̀ láti òdìkejì.

Àwọn òbí tí ọmọ wọn ò tíì sọ̀rọ̀ máa ń bi mí bóyá bọ́ọ̀dù ò ní sọ ọmọ di ọ̀lẹ, kó má wá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ̀rù yẹn yé mi. Àwọn olùwádìí kó ìwádìí jọ lórí ẹ̀ ní 2006, wọ́n wo èèyàn 27 tí ìṣòro tiwọn ti wà láti kékeré, tí wọ́n fún ní àwòrán tàbí àmì ọwọ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ dín kù nítorí ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn tún pọ̀ sí i ni. Ẹ gbé e fún ọmọ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró.

Ibi tí bọ́ọ̀dù ò ti lè ṣe nǹkan kan ni orí fóònù. Báńkì kan ní àfi kí Màámi fi ẹnu ara wọn sọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí wọn lórí fóònù kí wọ́n tó lè ṣí àkáǹtì wọn padà. Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní òfin ni. Mo wá ka ìwé àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, Abala 21 sọ ọ́ gedegbe pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tó bá yàn fúnra ẹ̀ sọ èrò ọkàn ẹ̀, ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà nínú ohun tí wọ́n kà sí ìbánisọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, a gbé e lọ sí báńkì náà pẹ̀lú bọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣe é lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta la fi jókòó, obìnrin tó ti rẹ̀ ni o.

Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní máàkì nínú márùn-ún, èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ yẹn, méjì. Tiwa tá a tò fúnra wa, mẹ́rin. Kò pé márùn-ún nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá.

Àwòrán kan wà lórí bọ́ọ̀dù wa tí a kọ "kò sí níbí" sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bọ́ọ̀dù tí kò ní i. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí i, kò sí níbí, kò sí níbí, lẹ́yìn náà "ta ni", lẹ́yìn náà "wá". A bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ṣé dọ́kítà ni? Pupa. Ṣé bùrọ̀dá ni? Pupa. Ó tó wákàtí kan, àbúrò mi ti fẹ́ dìde, Màámi ti ń sunkún díẹ̀díẹ̀, kó tó sọ sí mi lọ́kàn láti gbé àpótí fọ́tò wá. Ọ̀rẹ́ wọn ni. Ìyá tí wọ́n ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí kò fi wá kí wọn mọ́. Fọ́tò gbogbo wa ló wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn, ọmọ, ọmọ-ọmọ, dọ́kítà pàápàá, a ò fi ti ọ̀rẹ́ wọn kankan sí i. Odindi oṣù mẹ́wàá ni wọn ò fi lè béèrè rẹ̀.

Mo pe ìyá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń ba àwọn, pé àwọn ò mọ ohun táwọn máa bá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n wá lọ́jọ́ kejì, mo kọ́ wọn ní bí wọ́n á ṣe máa nàka, mo sì fi yàrá sílẹ̀ fún wọn.

Bọ́ọ̀dù kẹta la ń ṣe lọ́wọ́ báyìí. Màámi ló ń to ti ọ̀tẹ̀ yìí, a da àwòrán àti fọ́tò sórí tábìlì lápá òsì wọn, wọ́n ń mú, wọ́n ń dá padà. Wọ́n ti yọ "òtútù ń mú mi" kúrò. Fọ́tò mẹ́rin tí mi ò mọ ẹni tó wà nínú wọn ti wọlé, àlàfo mẹ́fà ṣì wà tí wọn ò tíì fi nǹkan kan sí.